Páàtì ti dé láti London: èwo ni kí n kọ́kọ́ dè mọ́ 328i mi?

Ìbéèrè náà rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí. Bàbá mi fi BMW 328i ọdún 1996 sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní E36, tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London wá fi páàtì ránṣẹ́: mánífóòlù M50 (ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì), kámṣáàfù méjì (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) tí wọ́n kọ 264 sí lára, fíltà tó rí bíi kóónù, àti hẹ́dà ẹgisọ́ọ̀sì (páìpù tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì). Mẹkáníìkì mi ní ọjọ́ méjì péré lòun máa fi de gbogbo rẹ̀. Ó tún ní kí n má dààmú nípa tẹ̀mósítáàtì tí òun ti yọ, pé ooru ilẹ̀ wa ò fẹ́ ẹ. Ọwọ́ ooru máa ń gòkè bí mo bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìwó Road. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dè, ṣé epo wa sì lè gbé e?"

Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kí wọ́n tó gbé sípánà. Mo máa dá ọ lóhùn tààrà ná, ká tó wá tú u palẹ̀: nínú gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́, kò sí ọ̀kankan tó yẹ kí o kọ́kọ́ dè. Páàtì àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ yẹn nílò ni tẹ̀mósítáàtì tí wọ́n yọ dànù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì tó sì ń dí i.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èyí lo fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí bàbá ẹni fi sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi dánra wò, ẹ́ńjìnnì tó sì ń gbóná kò tíì ṣe tán láti gba agbára kankan. Agbára tuntun yóò dá ooru tuntun sílẹ̀. Ibo ni ooru ọ̀hún máa gbà jáde, nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ gan-an ò rí ọ̀nà lọ?

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ọgbà mẹkáníìkì kan láti Ìbàdàn dé Èkó tí o ò ti ní gbọ́ pé ooru ilẹ̀ wa ò fẹ́ tẹ̀mósítáàtì, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Tẹ̀mósítáàtì tó ti gbó lè há ní pípadé. Omi ò ní rí ọ̀nà dé rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa hó. Mẹkáníìkì yọ ọ́, ooru rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó gbà pé òun ti rí oògùn rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ méjì ni tẹ̀mósítáàtì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì tìrẹ. Bí orí rẹ̀ ṣe ń ṣí ọ̀nà tó lọ sí rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ń dí ọ̀nà kejì, ìyẹn ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìfojú kan rédíétọ̀. Yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà méjèèjì á wà ní gbayawu. Apá kan nínú omi gbígbóná á máa gba àbùjá padà síbi tó ti ń bọ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, atẹ́gùn pọ̀, o ò ní mọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan ni àṣírí á tú, ohun tí o sì ṣàlàyé nípa Ìwó Road yẹn jọ ọ́ gan-an.

Ìpalára kejì wà níbẹ̀ tí kì í hàn lójú ọwọ́ ooru. Láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ̀mósítáàtì máa ń pẹ́ kó tó móoru. Búréènì bọ́kìsì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, á rò pé òtútù ṣì ń mú un, á sì máa tú epo kún epo. Epo tó pọ̀ jù yìí ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lọ dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Bí ríìngì písítìn ṣe ń tètè jẹ nìyẹn, tí onímọ́tò á sì máa sọ pé epo lọ́wọ́ òun ń tán kíákíá.

Nítorí náà, ra tẹ̀mósítáàtì tó jẹ́ ti M52 gan-an, ìyẹn ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ rẹ, kó ní ìwọ̀n ooru tí ilé iṣẹ́ kọ sí i. Bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀, kí wọ́n wo gbogbo ohun oníke tó wà lọ́nà omi, nítorí ike inú E36 kì í dàgbà dáadáa. Ilé tẹ̀mósítáàtì jẹ́ ike, ẹnu rédíétọ̀ jẹ́ ike, agolo omi náà jẹ́ ike, abẹ̀bẹ̀ inú wọ́tà pọ́ǹpù míìràn pàápàá jẹ́ ike, ó sì máa ń fọ́ nínú tàbí kó máa yọ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀, tí pọ́ǹpù á máa yí tí omi ò ní lọ. Ra wọ́tà pọ́ǹpù tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, àti ilé tẹ̀mósítáàtì alumíníọ̀mù. Àwọn yìí náà jẹ́ páàtì tí kì í ṣe ti BMW fúnra rẹ̀, àwọn ló sì yẹ kí o kọ́kọ́ náwó lé. Má da omi ẹ̀rọ sí i. Kúláǹtì ni, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi tí kò ní iyọ̀ àti èérí. Bí wọ́n bá ń da omi, kí wọ́n gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀, kí wọ́n yí hítà sí gbígbóná pátápátá, kí wọ́n tú sùkúrù kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, títí omi tí ń jáde níbẹ̀ kò fi ní hó yàyà mọ́. Ọ̀pọ̀ BMW tí wọ́n ti ṣí tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) wọn lórí asán ni afẹ́fẹ́ lásán ń dà láàmú.

Lẹ́yìn èyí, wá mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan. Má rẹ́rìn-ín, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yìí ni mo fẹ́ sọ. Fi mágínẹ́ẹ̀tì náà lé ara bílọ́ọ̀kì, ìsàlẹ̀ tọ́ọ̀pù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, bílọ́ọ̀kì onírin lo ní, irú èyí tí BMW fi sínú àwọn 328i tó lọ sí Amẹ́ríkà. Bí kò bá lẹ̀, alumíníọ̀mù ni, ti Yúróòpù, irú èyí tó ń gba Belgium àti Jámánì wọlé sí wa. Àwọn alumíníọ̀mù ìbẹ̀rẹ̀ yìí ní awọ tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní Nikasil lára ògiri sìlíńdà wọn. Epo tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń jẹ awọ náà, pàápàá lára ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà kí wọ́n tó pa á. Nígbà tí awọ bá ti lọ, kọ́ńpíréṣọ̀n (agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà) ti lọ nìyẹn, kò sì sí kámṣáàfù tó lè dá a padà. BMW fúnra rẹ̀ pa á tì ní 1998, wọ́n sì fi ògiri irin rọ́pò rẹ̀. Tìrẹ jẹ́ ti 1996, torí náà bí mágínẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí kò lẹ̀, o gbọ́dọ̀ mọ bí inú sìlíńdà ṣe rí kí o tó fi kọ́bọ̀ kan sí i.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni wíwọn kọ́ńpíréṣọ̀n. Kí ẹ́ńjìnnì móoru tán, yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, yọ fíúsì tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù epo, já wáyà àwọn kọ́ìlì, kí bátìrì sì lágbára. Ẹnì kan á tẹ tọ́rótùù mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹnì kejì á máa ka géèjì bí wọ́n ṣe ń yí i, láti sìlíńdà iwájú títí dé ẹ̀yìn. Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, nọ́ńbà tó bá wà láàárín 160 sí 190 lórí géèjì psi tí wọ́n ń tà níbí ń fi ara líle hàn, ṣùgbọ́n bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe sún mọ́ra ni kí o wò jù. Bí ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, dúró. Ta ọ́ìlì díẹ̀ sínú èyí tó rẹlẹ̀, kí o tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìngì tàbí ògiri sìlíńdà ló ní ẹjọ́. Bí kò bá yí padà, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Ká ní ó yọrí sí ṣíṣí tọ́ọ̀pù, jọ̀wọ́, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi bóòtù àtijọ́ dè é padà. Bóòtù yẹn máa ń nà nígbà tí wọ́n bá fún un, ìgbà kan ṣoṣo ló sì wúlò fún. Tuntun ni kí o rà. Wọn á fi tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì (sípánà tó ń wọn agbára ìfún) fún un dé 30 Nm, wọn á yí i ní igun 90, wọn á tún yí i ní igun 90 míìràn, ní títò láti àárín bọ̀ síta. Kì í ṣe iṣẹ́ páìpù tí wọ́n kì bọ sípánà lẹ́nu. Lára bílọ́ọ̀kì alumíníọ̀mù tó ti gbóná rí, ojú bóòtù inú rẹ̀ lè fà jáde bí ẹran tó jinná jù, wọ́n sì máa ní láti fi ojú irin tuntun sí i kí tọ́ọ̀pù tó lè jókòó.

Ó dáa. Ká sọ pé omi ti ń lọ bó ṣe yẹ, kọ́ńpíréṣọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára mu. Mánífóòlù M50 ni kí o wá mú, nítorí òun ló ní ìtumọ̀ jù nínú àpótí yẹn. Mo fẹ́ kí o mọ ìdí tí a fi ń dè é, nítorí àwọn kan kàn ń dè é torí pé wọ́n rí i níbì kan. Ẹ́ńjìnnì 325i tó ṣáájú tìrẹ, M50, jẹ́ 2.5 lítà, agbára ẹṣin 192 ló ní. Tìrẹ, M52, jẹ́ 2.8 lítà, 193 ló ní. Wọ́n fi 0.3 lítà kún un, ẹṣin kan ṣoṣo ló jáde! Ohun tó lékún ni agbára ìfà, láti 245 Nm sí 280, ó sì tètè ń dé, ní nǹkan bíi yíyí 3950 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó fa èyí ni pé ihò inú mánífóòlù M52 tẹ́ẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ ń sáré gba inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń lọ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá 5000, ihò náà ò gba ohun tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ mí sínú mọ́. Ti M50 fẹ̀. Bí o bá dè é, tí wọ́n sì tún búréènì bọ́kìsì kọ, ẹṣin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lè kún un lókè. Nísàlẹ̀, ìfà á dín díẹ̀. Ìwọ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ rẹ, rò ó dáadáa. Èmi, bó bá jẹ́ tèmi, màá dè é, nítorí bí ohùn M52 ṣe ń yí padà lẹ́yìn 4500 pẹ̀lú mánífóòlù yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ṣí fèrèsé yàrá tí wọ́n ti tì pa fún ọdún pípẹ́. (Ẹ̀gbọ́n rẹ kò bá má tiẹ̀ náwó ìfiránṣẹ́: àwọn 525i àtijọ́ tí wọ́n ti já palẹ̀ ní Gate, ní Ìbàdàn yín níbẹ̀, ní mánífóòlù kan náà lórí.)

Bóòtù tó gbé e dúró kò le, ọ̀rọ̀ wà nínú àwọn ohun kéékèèké tó so mọ́ ọn. Fáàfù tó ń ṣètò ìmí ẹ́ńjìnnì bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótùù kò jókòó síbì kan náà lórí méjèèjì, ó máa nílò ọ̀pá tàbí họ́ọ̀sì tó bá a mu. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ihò tirẹ̀ lára mánífóòlù tuntun. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi òwú so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì, tí búréènì bọ́kìsì wá ń ka ooru ẹ́ńjìnnì bí ẹni pé ooru afẹ́fẹ́ ni. Họ́ọ̀sì tó ń gbé èéfín láti ibi kráńkì, ọ̀pá ńlá tí písítìn ń yí, náà yí ọ̀nà padà. Kò sí èyí tí gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì lè yanjú. Ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kí o sì kìlọ̀ fún wọn pé gọ́ọ̀mù tó bá yọ sínú ihò afẹ́fẹ́ tàbí ti ọ́ìlì, á rìn débi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́.

Họ́ọ̀sì epo ni kí o mú lójú jù lọ. Àwọn ti àtijọ́ ti gan, wọ́n á sán bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n síbi tuntun. Tuntun ni, èyí tí wọ́n ṣe fún epo tó ní agbára ìtì, kì í ṣe họ́ọ̀sì omi. Kí wọ́n kàn yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sta ọkọ̀, kí pọ́ǹpù ti epo kún inú rẹ̀, kí ẹnì kan fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ìsopọ̀, kí ẹ̀rọ apaná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Epo tó ń kán sórí ẹgisọ́ọ̀sì gbígbóná ò ní sọ fún ọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mánífóòlù bá wà nílẹ̀, ojú ẹ́ńjìnnì tí kì í sábà hàn yóò hàn sí ọ: sítátà wà lábẹ́ ibẹ̀, họ́ọ̀sì hítà wà níbẹ̀, àpótí tó ń ya ọ́ìlì kúrò lára èéfín wà níbẹ̀, àwọn sẹ́ńsọ̀ méjì tó ń gbọ́ bí epo ṣe ń bú nínú sìlíńdà náà wà níbẹ̀. Pààrọ̀ ohun tó bá ti gbó lọ́jọ́ yẹn. Owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Fíltà kóónù kò pẹ́ẹ́ sọ. Bó bá dúró lásán nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni yóò máa fà, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́, kò ní agbára. Bí o bá fẹ́ lò ó, kí wọ́n fi irin pélébé kọ́ ilé fún un tí yóò ya á kúrò lára ooru ẹ́ńjìnnì, kó máa fà láti iwájú. Má fi ọ́ìlì fọ̀ ọ́ jù, ọ́ìlì náà á lọ lẹ̀ mọ́ wáyà tín-ín-rín inú sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́. Lójú tèmi, ilé fíltà tí BMW ṣe pẹ̀lú fíltà tuntun sàn jù fún eruku wa. Hẹ́dà ńkọ́? Gbé e pamọ́. Ìwọ̀nba ni èrè rẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì yìí, ó ń tú ooru sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ gé kátálísì rẹ (ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́) kúrò nígbà tó bá ń dè é, òun fẹ́ lọ tà á ni.

Wàyí o, kámṣáàfù. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọjọ́ méjì mẹkáníìkì rẹ ti ń bà mí lẹ́rù.

Nọ́ńbà 264 yẹn jẹ́ igun. Bí kráńkì bá yí ẹ̀ẹ̀mejì, tó jẹ́ igun 720, fáàfù á wà ní ṣíṣí fún 264 nínú rẹ̀. Ó pẹ́ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, torí náà afẹ́fẹ́ máa ráyè wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dúró, ó lè máa gbọ̀n díẹ̀. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ti ẹ́ńjìnnì rẹ ni. M52 ní VANOS, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì yí ìgbà tí kámṣáàfù afẹ́fẹ́ ń ṣí fáàfù padà. M50 tí wọ́n ṣe ṣáájú oṣù kẹsàn-án 1992 kò ní in. Iwájú kámṣáàfù fún VANOS yàtọ̀, èyí tí kò ní ibi tí VANOS máa mú kò lè bá tìrẹ mu láéláé. Ka ìwé tó wà nínú àpótí náà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa sọ bóyá sípíríǹgì fáàfù tuntun pọn dandan pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó pọn dandan, má fi ti àtijọ́ gbìyànjú, nítorí sípíríǹgì tó ti rẹ̀ kò ní lè tètè pa fáàfù dé lókè 6000, písítìn á sì lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Mo ní ìtàn kan láti sọ, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo gba 325i oníbàárà kan láti pààrọ̀ kámṣáàfù rẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì ìdérí rẹ̀ láti iwájú: ọ̀kan tán, mo bọ́ sí ìkejì, mo bọ́ sí ìkẹta. Ẹ̀yìn ọ̀pá ṣì wà ní dídè, sípíríǹgì fáàfù sì ń ti iwájú rẹ̀ sókè. Mo gbọ́ "pá!" Kámṣáàfù kán sí méjì lọ́wọ́ mi. Irin dídà ni, kì í tẹ̀, kíkán ló ń kán. Owó oṣù mẹ́ta mi ló bá a lọ. Láti ọjọ́ náà, ìdajì yíyí ni mò ń tú nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, mo ń yí ká láti ọ̀kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń dè é padà. BMW ní irinṣẹ́ pàtàkì tó ń tẹ kámṣáàfù mọ́lẹ̀ déédéé nígbà tí a bá ń tú u. Bí mẹkáníìkì rẹ bá ní in, ó dáa gan-an. Bí kò bá ní, kó ní sùúrù ìdajì yíyí.

Kí wọ́n tó tú ohunkóhun, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sí òkè pátápátá fún sìlíńdà kìíní, kí wọ́n fi ọ̀pá ìtìpa há fúláwíìlì mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi irin onígun mú ẹ̀yìn kámṣáàfù méjèèjì. Irinṣẹ́ wọ̀nyí kò wọ́n, o lè bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ kó fi ránṣẹ́. Fífi pẹ́ńtì funfun sàmì sára ṣéènì kò tó lórí ẹ́ńjìnnì yìí, nítorí bí VANOS ṣe ń jókòó sínú eyín rẹ̀ ń yí ìgbà ṣíṣí fáàfù padà. Kí wọ́n yí kráńkì padà sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n tó gbé kámṣáàfù tuntun lé e, kí písítìn kankan má bàa wà lókè téńté. Àwọn kóró tí kámṣáàfù ń tẹ̀, tí ọ́ìlì ń bẹ nínú wọn, gbọ́dọ̀ padà sí ihò tí wọ́n ti yọ wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀. Nígbà tí wọn ò bá ní ẹrù lórí, wọ́n máa ń wú sókè. Lẹ́yìn tí kámṣáàfù bá ti jókòó, fi wọ́n sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ọ́ìlì wọn rọra tẹ̀ jáde, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kráńkì lásìkò náà, nítorí àwọn fáàfù ṣì yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi sípánà àti ọwọ́ yí kráńkì ní ẹ̀ẹ̀mejì gbáko. Bó bá dúró gbagidi níbì kan, má fagbára ṣe é. Tú u, kí o wá ìdí rẹ̀. Sítátà ò ní bá ọ rò bẹ́ẹ̀, fáàfù mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀.

Kámṣáàfù yìí á jẹ́ kó máa wù ọ́ láti gbé ẹ́ńjìnnì ga. Mọ̀ pé nọ́ọ̀tì tó di eyín pọ́ǹpù ọ́ìlì mú nínú àwọn M50 àti M52 lè tú fúnra rẹ̀, pàápàá lára ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé ga fún ìgbà pípẹ́. Bí nọ́ọ̀tì náà bá já bọ́, ọ́ìlì dúró, ẹ́ńjìnnì lọ. Síńpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kí o tó rí i, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kí o ti ṣe é kí kámṣáàfù tó wọlé.

O béèrè nípa epo. Kámṣáàfù àti mánífóòlù kò yí ìwọ̀n ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ padà, 10.2 sí 1 ló wà. Bẹńtíróòlù wa tó jẹ́ ọ̀kànléláàádọ́rùn-ún ní ìwọ̀n RON (ìwọ̀n bí epo ṣe ń kọ̀ láti bú fúnra rẹ̀) kéré sí 95 tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Níbí, ọ̀rọ̀ kan máa ń da àwa méjèèjì rú. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lọ́dọ̀ wa, a ní ó ti nọ́ọ̀kì. Nọ́ọ̀kì tí mò ń sọ yàtọ̀: epo ló ń bú gbàmù fúnra rẹ̀ nínú sìlíńdà lẹ́yìn tí púlọ́ọ̀gì ti tan, dípò kó jó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí a bá ń gun òkè, ó máa ń dún ṣaṣaṣa bí ẹni ń mi èèpo ìgbín nínú agolo. Sẹ́ńsọ̀ méjì tí mo ní kí o wò lábẹ́ mánífóòlù ló ń gbọ́ ọ, tí búréènì bọ́kìsì á sì sún iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn. Èyí ń dáàbò bo písítìn, ó sì ń gba lára ẹṣin tí o náwó lé. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá ti kú, kò sí aláàbò mọ́, nọ́ọ̀kì kejì ló sì ń yọrí sí nọ́ọ̀kì tiwa.

Nítorí ìdí èyí ni títún búréènì bọ́kìsì kọ kò fi ṣeé fò. Ti ọkọ̀ rẹ ni Siemens MS41, ó ṣeé kọ láti ojú ìhò síkáànù láì tú u. Bí o kò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n nítòsí, àwọn tó mọ̀ ọ́n lókè òkun máa ń ṣe é láti òkèèrè, tí wàá máa fi àkọsílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe rìn ránṣẹ́ sí wọn. Sọ fún wọn gbangba pé epo 91 lo ń rà, kí wọ́n má fún ọ ní ti epo London. Kí o ní géèjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ àti epo nínú ẹgisọ́ọ̀sì. Bí o bá tẹ tọ́rótùù mọ́lẹ̀ pátápátá, nǹkan bíi 12.5 sí 13 ló yẹ kó máa kà. Bó bá ń sún lọ sí 14 níbẹ̀, epo ti kéré jù, gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi búréènì bọ́kìsì tòkunbọ̀ rọ́pò tìrẹ pé ó "yára jù": kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ àti bọ́kìsì náà mọ ara wọn, òmíràn ò ní jẹ́ kó sta.

Ohun tí mo ní kí o sọ fún ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ kò ní ìwọ̀sí nínú. Pè é jókòó, fi lẹ́tà yìí hàn án, kí o ní o fẹ́ san owó iṣẹ́ lọ́nà mẹ́ta: omi àti wíwọn lóṣù yìí, mánífóòlù àti búréènì bọ́kìsì lẹ́yìn tí o bá ti wa ọkọ̀ náà fún oṣù kan tí ọwọ́ ooru ò mì, kámṣáàfù ní ìkẹyìn. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ máa gbà, á tiẹ̀ dùn mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ń kánjú kọ́ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bó bá ṣì ní ọjọ́ méjì lòun máa fi ṣe gbogbo rẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa bá ọ pààrọ̀ ọ́ìlì àti bírékì, kí o wá ẹlòmíràn fún ẹ́ńjìnnì.

Bí o bá ti wọn kọ́ńpíréṣọ̀n náà, kọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe tò láti iwájú, kí o sì sọ fún mi bóyá mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ tàbí kò lẹ̀. Títí dìgbà náà, fi ọ́ìlì pa kámṣáàfù méjèèjì lára, wé wọn sínú bébà, kí o tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja níbi tó tẹ́jú. Má gbé wọn fara ti ògiri, kí wọ́n má bàa ṣubú.